Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé wa l'Óṣogbo, lórí yàrá físíìsì tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé wa,

Ẹ̀yin àgbà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé wa síbí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú yín, torí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, mi ò wá láti dójú ti ẹnì kankan. Ẹ mọ ara yín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín láàárín taamu yìí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àwọn òbí tó ń dá mi dúró lọ́jà Òrìṣunbàrẹ̀ láti bi mí pé kí ló dé kò sì kéré mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sí gbangba.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ayẹyẹ ìparí taamu, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ pátákó ìkéde pé ẹ ti tú ẹgbẹ́ físíìsì ká, pé ká kó ẹrù wa kúrò nínú yàrá tó wà lẹ́yìn láíbìrì. Gbólóhùn kan péré lẹ fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀: pé ẹgbẹ́ náà ń fi àkókò àwọn ọmọ ṣòfò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Kí ó tó di Ọjọ́rú, àga oníke tí ilé-ìwé ń yá àwọn tó ń ṣe ìnáwó ti kún yàrá náà dé àjà. Àpótí tí a fi ń ka muon, ìyẹn eérún tíntìntín tó ń rọ̀ láti ojú ọ̀run, inú páálí ni mo ti bá a, lẹ́bàá yàrá mẹ́gáàdì. Òjò ti fọ́n sí i lára.

Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ayẹyẹ yẹn, ọmọbìnrin kan ní SS2 dìde, ó ń ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan ṣe ń wò ó bóyá proton, eérún tíntìntín kan tí ojú kò lè rí, lè túká. Ọ̀kan nínú yín bi í pé, “Látìgbà tí wọ́n ti ń wá a, kí ni wọ́n rí?” Ọmọ náà ní, “Wọn ò tíì rí i, sà.” Gbogbo ìjókòó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà jókòó, ó sorí kọ́, kò sì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún 14 ni mo ti fi kọ́ físíìsì nílùú yìí, mi ò tíì gbọ́ ìdáhùn tó péye ju tirẹ̀ lọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá a parí rẹ̀.

1. Ohun tí ọmọ náà ń sọ.

Proton wà nínú gbogbo nǹkan: nínú omi tí a mu láàárọ̀, nínú irin géètì, nínú ìka tí mo fi ń kọ ìwé yìí. Àwọn eérún kan wà tí wọ́n máa ń túká fúnra wọn. Muon jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, bíi méjì lé díẹ̀ ni muon máa ń lò láyé kó tó di eérún mẹ́ta mìíràn: electron kan àti neutrino méjì, èyí tó máa ń la nǹkan kọjá láìfọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ní ti proton, kò tíì sẹ́ni tó rí i kó túká. Síbẹ̀ láti àwọn ọdún 1970 ni ìṣirò ti wà tó sọ pé ó yẹ kó máa túká, pé ṣíṣọ̀wọ́n ló ṣọ̀wọ́n. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ohun tí a fi mọ gbogbo ayé yìí ní ọjọ́ tí yóò tán.

Báwo lèèyàn ṣe ń dúró de irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo igbó Ọ̀ṣun tó wà nítòsí wa. Bí ẹ bá jókòó ti igi ìrókò kan ṣoṣo níbẹ̀ títí ẹ ó fi darúgbó, ó lè má wó lójú yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ gbogbo igbó lẹ ń ṣọ́, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ pé igi kan wó. Ohun tí wọ́n ṣe ní Kamioka, ní Japan, nìyẹn. Wọ́n gbẹ́ ihò sábẹ́ òkè kan níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà tẹ́lẹ̀, ó jìn tó 1,000 mítà, wọ́n rọ omi tó mọ́ gaara sínú táńkì níbẹ̀, 50,000 tọ́ọ̀nù. Wọ́n wá to gílóòbù tó lé ní 11,000 yí i ká. Àwọn gílóòbù yìí kì í tan iná o, iná ni wọ́n ń ṣọ́. Bí proton kan ṣoṣo bá túká nínú gbogbo omi yẹn, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á kọ yẹ̀rì, wọ́n á sì rí i. Super-Kamiokande lorúkọ ibẹ̀, láti 1996 ló sì ti ń ṣiṣẹ́.

Kò tíì kọ. Ìyẹn ni ẹ̀ ń pè ní òfo. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ro gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣọ́ pọ̀ ní 2020, ohun tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí nìyí: bí proton bá ń túká lọ́nà tí wọ́n ń wá jù, ọjọ́ orí rẹ̀ ju 24 tí òdo 33 tẹ̀lé e lọ, ní ọdún. Gbogbo àgbáyé yìí, pẹ̀lú oòrùn àti ìràwọ̀ rẹ̀, kò ju bílíọ̀nù 13.8 ọdún lọ. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Georgi àti Glashow, gbé jáde ní 1974, tó dára lójú gbogbo èèyàn nígbà náà, tó sì sọ pé proton kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, irú àìrí báyìí ló gbé e ṣubú. “Wọn ò tíì rí i, sà.” Ọmọ yẹn mọ ohun tó ń sọ.

2. À ń wá owó lọ, a pàdé iyì lọ́nà.

Kí Super-Kamiokande tó dé, táńkì kékeré kan ti wà níbẹ̀ láti 1983, omi 3,000 tọ́ọ̀nù, títúká proton ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Kò rí proton kankan. Àmọ́ ní 23 Februari 1987, ìràwọ̀ kan tó ti bú gbàmù lókèèrè rán neutrino sáyé, táńkì yẹn sì rí 11 nínú wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Masatoshi Koshiba tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002.

Kò parí síbẹ̀. Neutrino tó ń ti ojú ọ̀run wá máa ń da àwọn tó ń ṣọ́ proton láàmú, torí ó lè ṣe bí ẹni pé proton ló túká. Wọ́n ní láti mọ̀ ọ́n dunjú kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Ibi tí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n dunjú ni wọ́n ti rí i, ní 1998, pé neutrino máa ń pàwọ̀ dà lójú ọ̀nà, èyí tó túmọ̀ sí pé ó wúwo, bó ti wù kó kéré tó. Takaaki Kajita gba Nobel lórí èyí ní 2015. Ṣé ẹ rí i, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ̀n dànù ló di ìṣúra.

Ní November 2001, gílóòbù kan fọ́ nínú táńkì ńlá náà, agbára rẹ̀ fọ́ ìkejì, ìkejì fọ́ ìkẹta, kí wọ́n tó ṣẹ́jú, ohun tó ju ìdajì gbogbo gílóòbù ibẹ̀ ti di àfọ́kù. Wọn ò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fi èyí tó kù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà, nígbà tó fi di 2006, iye gílóòbù náà ti pé padà.

3. Pé ẹnikẹ́ni kò rí i rí.

Èyí gan-an ló dùn mí jù nínú ìwé yín, torí kì í ṣe òótọ́.

Ìyá mi ta ẹ̀wà n'Ígbọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kó tó gbé e lọ sọ́jà, ó máa ń da á sórí atẹ, á fẹ́ ẹ, á wá fún wa ṣà. Òkúta ẹ̀wà olóyin burú, àwọ̀ kan náà ni wọ́n, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Mo ṣà á tán lọ́jọ́ kan, mo ní, “Mà, kò sí òkúta níbẹ̀.” Ó gbé ojú sókè, ó ní, “Má sọ pé kò sí òkúta. Sọ pé o ti ṣà á lẹ́ẹ̀kan.” Ẹ̀kọ́ físíìsì tí mo kọ́kọ́ gbà nìyẹn, kí n tó wọ ilé-ìwé girama.

Eérún kan wà tó ń jẹ́ kaon. Ìṣirò sọ pé nínú 100 bílíọ̀nù kaon tó ní iná mànàmáná lára, bíi mẹ́jọ péré ló yẹ kó túká sí pion kan, eérún mìíràn, àti neutrino méjì. Ẹ ronú atẹ ẹ̀wà tó tó bẹ́ẹ̀. Ní ibùdó ìwádìí Brookhaven, l'Ámẹ́ríkà, wọ́n ṣa kaon fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 1997 wọ́n kéde pé àwọn rí ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà tí iṣẹ́ ibẹ̀ fi parí, méje ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn gbà á ṣe ní CERN, ibùdó ìwádìí eérún tó wà ní ẹnu ààlà Switzerland àti Faransé, NA62 lorúkọ iṣẹ́ tiwọn. Ní September 2024, wọ́n jáde pé àwọn ti rí 51.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà nìyí. Àwọn fúnra wọn ló sọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mú wọn, pé nínú 51 yẹn, bíi 18 ló yẹ kó jẹ́ òkúta, ìyẹn àwọn títúká mìíràn tó fara jọ èyí tí wọ́n ń wá. Wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Èyí tó kù fi hàn pé ó ń ṣẹlẹ̀ bíi ìgbà 13 nínú 100 bílíọ̀nù, ó sì tó ẹ̀rí láti sọ pé a ti rí i. Ó fi díẹ̀ ju mẹ́jọ tí ìṣirò wí lọ, ṣùgbọ́n kò tíì jìnnà débi tí ẹnì kan fi lè pariwo, wọn ò sì pariwo. Wọ́n ṣì ń ṣà á.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló máa ń júwe ohun tó fara pamọ́. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n retí pé kaon tí kò ní iná lára yóò máa túká sí muon méjì dáadáa. Wọ́n wò ó, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1970, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Glashow, Iliopoulos àti Maiani, ní ó ní láti jẹ́ pé quark kẹrin kan wà tí a kò tíì mọ̀ (quark ni eérún tó kéré jù tó para pọ̀ di proton àti kaon), òun ló ń dí ọ̀nà yẹn pa. Quark mẹ́ta péré la mọ̀ nígbà náà. Ní November 1974, ibùdó ìwádìí méjì l'Ámẹ́ríkà rí ẹ̀rí ẹ̀kẹrin lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ní “a ò rí i” ni, ta ni ì bá mọ̀?

4. Owó.

Mo máa kúrò lórí èyí kíákíá. Kọ́bọ̀ yín kò sí nínú àpótí yẹn. Àwòrán bí a ṣe ń tò ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, CosmicWatch ni wọ́n ń pè é, yunifásítì MIT l'Ámẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ohun èlò rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 100 dọ́là lọ. Ọmọ kan tó jáde lọ́dọ̀ wa, tó wà lókè òkun báyìí, ló fi ránṣẹ́. Àkọsílẹ̀ eérún tí àwọn ọmọ ń wò lórí kọ̀ǹpútà, CERN ló gbé e síta fún gbogbo ayé láti 2014, láìgba owó. Dátà tí a fi ń wò ó, àpò mi ló ti ń jáde.

5. Ohun àìrí.

Òbí méjì pè mí lẹ́yìn ayẹyẹ náà, wọ́n ní ṣé kì í ṣe awo la fi ń kọ́ ọmọ àwọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí dé etí yín náà. Ẹ dákun, muon ń rọ̀ láti ojú ọ̀run bí òjò. Lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, bíi ẹyọ kan ló ń bọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ó ń gba inú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, ó ń gba inú mọ́ṣáláṣí kọjá, ó ń gba orí èmi náà kọjá bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ abẹ́ òkè lọ ní Kamioka, kí àpáta lè gbà á dúró. Àpótí wa ń kà á, ó tán. Nígbà tí àwọn ọmọ gbé e láti orí dẹ́kìn wá sí yàrá ìsàlẹ̀, iye tó ń kà dín díẹ̀, àwọn fúnra wọn ló sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

6. Pé kì í ṣe iṣẹ́ àwa aláwọ̀ dúdú.

Ọ̀kan nínú yín ló sọ èyí fún mi ní kọ̀rọ̀, mi ò sì ní fi í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Áfíríkà ni. Ní 1965, nínú ihò ìwakùsà góòlù East Rand Proprietary Mine nítòsí Johannesburg, ohun tó ju 3 kìlómítà lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, Frederick Reines láti Amẹ́ríkà àti Friedel Sellschop ti Yunifásítì Witwatersrand pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mú neutrino tó ti ojú ọ̀run wá. Àwọn kan ní Kolar, n'Índíà, mú u lọ́dún kan náà, nínú ihò góòlù bákan náà. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwa náà ní góòlù l'Ítàgúnmodi àti Igún, kò jìnnà síbí, kò sì sí ọmọ kan nínú kíláàsì mi tó mọ̀ pé ihò góòlù lè wúlò fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí góòlù àti ìbàjẹ́ omi, àfi ìgbà tí ẹgbẹ́ yìí dé.

Ilé-Ifẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń mú eérún sáré wà ní Centre for Energy Research and Development ti OAU, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. African School of Physics bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 2010, ó sì dé Ghana ní 2012, fún àwọn ọmọ yunifásítì láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dé nìyẹn. Láti yàrá kan l'Óṣogbo ni wọ́n ti máa gbéra.

7. Ìwé àkọsílẹ̀.

Akọ̀wé yín gba ìwé kan lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí ẹ tú wa ká. Ìwé olójú-ewé 80 ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i síbi tí a fi okùn pupa sí.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan làwọn ọmọ ń kọ iye tí àpótí kà: 22, 25, 23, 19. Iná lọ, bátìrì tí a gbẹ́kẹ̀ lé náà kú. Kí a tó rí òmíràn, ìṣẹ́jú méje ti kọjá, ìlà méje sì ṣófo lójú ìwé. Ọmọkùnrin kan gba bírò, ó ní kí á fi 23 dí gbogbo rẹ̀, ṣebí 23 náà ló ń jáde bọ̀ látẹ̀yìnwá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọmọbìnrin tí ẹ fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ ayẹyẹ ló gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sí ìlà kìíní, ó kọ ọ́ sí ìkejì, títí dé ìkeje: “Iná lọ. A ò kà.”

Ẹ̀yin àgbà, gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìdánwò. A mọ iye òbí tó ń wá ẹni tó máa bá ọmọ wọn kọ ọ́. A wá rí ọmọ ọdún 15 kan tó kọ̀ láti fi irọ́ dí ìlà méje tí ẹnikẹ́ni ò ní yẹ̀ wò láéláé, ẹ sì ní a ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Mi ò gbà. Mi ò lè gbà.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún nìyí:

Kí ẹ dá yàrá ẹ̀yìn láíbìrì padà fún àwọn ọmọ kí taamu tuntun tó wọlé. Bí kò bá sí ibòmíràn tí àga lè gbé, ìdajì yàrá náà tó wa. Tábìlì kan àti fèrèsé kan la nílò.

Kí ẹ yọ ìwé yẹn kúrò lórí pátákó, kí ẹ lẹ òmíràn síbẹ̀ tí kò ní í pe iṣẹ́ àwọn ọmọ ní òfò.

Kí ẹ dá ìwé àkọsílẹ̀ wa padà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láìya ojú ewé kankan.

Kí ẹ pe ọmọbìnrin náà sí ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ fún un láyè kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín dá a dúró. Ó ti fẹ́ sọ fún yín pé Japan ń kọ́ táńkì mìíràn, Hyper-Kamiokande, tí omi rẹ̀ á tó 260,000 tọ́ọ̀nù, torí wọ́n gbà pé wọn ò tíì ṣà á tó.

Mo ti nu omi kúrò lára àpótí náà, mo tú u, mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Orí tábìlì ilé ìdáná mi l'Ákogun ló wà báyìí. Mo tàn án lálẹ́ àná nígbà tí àwọn ará ilé ti sùn, mo sì jókòó tì í pẹ̀lú bírò àti bébà. Ó ṣì ń kà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ físíìsì,
Òṣogbo.